Ańpù Gìtá Tó Ń Kùn: Ẹ Wá Ibi Tí Ariwo Ti Wọlé Kí Ẹ Tó Ra Fáàfù

Àwọn tó ń gbé ańpù olófáàfù (fáàfù ni àwọn ìgò onídígí inú rẹ̀ tó ń sọ ohùn gìtá di ńlá) wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣùúrùlérè nítorí pé ó ń kùn, ọ̀pọ̀ wọn ti dájọ́ kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n, fáàfù rẹ̀ ló ti kú, ẹ bá mi pààrọ̀ wọn." Ẹlòmíì á ti ra tuntun dání, mẹ́rin nínú páálí, owó gọbọi. Mo máa ń ní kí wọ́n gbé páálí yẹn sílẹ̀ ná. Lára àwọn ańpù tó ń kùn tí mo ti tú, díẹ̀ ni ẹ̀bi rẹ̀ jẹ́ ti fáàfù ńlá. Iná ilé ló máa ń jẹ́, tàbí wáyà ilẹ̀ tí kò sí, tàbí wáyà gìtá, tàbí kàpásítọ̀, ohun tó ń gba iná pamọ́, tó ti gbẹ. Ṣùgbọ́n fáàfù ló ń tàn lẹ́yìn ańpù, òun lojú ń rí, òun náà ni wọ́n ń fẹ̀sùn kàn.

Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ sọ, láti ìta wọ inú. Ìta kò ní ná yín ní kọ́bọ̀ láti yẹ̀ wò. Inú lè pa yín.

Ẹ kọ́kọ́ fetí sí i

Ẹ yọ gìtá kúrò, tòun ti wáyà rẹ̀. Ẹ yí gbogbo fólúùmù sí òdo. Ẹ tan ańpù, kó gbóná fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ wá dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Bí ariwo bá ti lọ nígbà tí gìtá kúrò, ańpù yín kò ṣàìsàn. Bó bá ṣì wà níbẹ̀, tó sì ń ga tó ń wálẹ̀ bí ẹ ti ń yí fólúùmù, a jẹ́ pé ó ń wọlé kó tó dé ibi tí fólúùmù wà, ìyẹn fáàfù kékeré àkọ́kọ́ àti ohun tó yí i ká. Bí fólúùmù bá wà ní òdo tí ariwo kò sì yí padà rárá, ẹ̀yìn ló ti ń bọ̀: fáàfù tó ń pín ohùn sí méjì, fáàfù ńlá, tàbí apá tó ń pèsè iná fún gbogbo wọn.

Ó ku irú ariwo tó jẹ́. Onígìtá ní ohun ìdánwò lọ́wọ́ tí kò mọ̀ pé òun ní. Iná NEPA ń lọ tó ń bọ̀ nígbà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 50 Hz. Ẹ mú gìtá onígi kan tí okùn rẹ̀ wà ní ìbámu, ẹ tẹ okùn kẹfà, èyí tó nípọn jù, ní fírẹ́ẹ̀tì kẹta, kí ẹ ta á. G nìyẹn, 98 Hz. Bí ariwo ańpù bá bá G yìí dọ́gba, 100 Hz lẹ ń gbọ́. Bó bá jinlẹ̀ jù ú lọ, tó jẹ́ G orí okùn E ti béèsì ní fírẹ́ẹ̀tì kẹta ló bá mu, 50 Hz ni, nítorí 49 Hz ni ohùn béèsì yẹn.

Ìyàtọ̀ méjèèjì ṣe pàtàkì. Kí iná tó dé ọ̀dọ̀ fáàfù, ó gba ọwọ́ àwọn dáyóòdù tàbí fáàfù kan tó ń sọ ọ́ di DC, iná tó ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo, wọ́n sì ń lo apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ iná náà, nítorí náà ìlọ́po méjì ni jíjó rẹ̀: 100 Hz. Kàpásítọ̀ ńláńlá ló yẹ kó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Bí ẹ bá ń gbọ́ 100, àwọn ni ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bó bá jẹ́ 50, iná tí kò tíì gba ibẹ̀ kọjá ni: iná tó ń mú fáàfù gbóná, pikọ́ọ̀pù gìtá, ọ̀ràn wáyà ilẹ̀, tàbí kàpásítọ̀ kékeré kan tí màá padà dé orí rẹ̀. Ẹ óò bá 60 àti 120 pàdé nínú ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà. Iná tiwọn nìyẹn, kì í ṣe tiwa.

Ariwo míì tún wà tí kì í ṣe ùùùn tó rọra lọ, tó mú lẹ́nu, jíjíjíjíjí. Ìyẹn kì í sábà ti inú ańpù wá. Èyí tó bá ń ṣe ṣààà, fáàfù kékeré tàbí rẹ̀sísítọ̀ tó ti gbó ni, bẹ́ẹ̀ kò sí ańpù olófáàfù tí kì í ṣe ṣààà díẹ̀ bí ẹ bá ṣí i tán pátápátá. Èyí tó bá ń ṣe pá-pà-pá, ẹ wo ìdọ̀tí nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì fáàfù àti ibi tí lẹ́ẹ̀dì ti là.

Ẹ tún gbé etí sún mọ́ irin tiransifọ́mà fúnra rẹ̀. Nígbà míì sípíkà dákẹ́, irin ló ń kùn. Ẹ pa standby, bọ́tìnì tó ń dá ohùn dúró tí fáàfù ṣì ń gbóná: bí ariwo bá ṣì ń lọ, irin ni. Ẹ fún ìdè rẹ̀ kó le.

Iná ilé

Ibí ni ìlú wa ti yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n ti ṣe àwọn ańpù yìí, ibí náà ni mo sì ti máa ń rí ẹ̀bi jù.

Ẹ bi ara yín pé iná wo ni ańpù ń jẹ nígbà tó ń kùn. Àwọn ínfátà olówó pọ́ọ́kú kì í gbé iná tó yípo roboto jáde, iná onígun-mẹ́rin ni wọ́n ń gbé jáde, igun wọ̀nyẹn ló sì ń di jíjíjíjí nínú sípíkà. Kò sí fáàfù tó lè wò ó sàn. Ẹ so ańpù mọ́ iná NEPA ní tààràtà kí ẹ gbọ́ ìyàtọ̀. Bó bá lọ, ínfátà tí wọ́n kọ pure sine wave sí lára ni oògùn rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ní àrùn tirẹ̀: iná rẹ̀ kì í dúró lójú kan, kò sì ní wáyà ilẹ̀ kankan àyàfi tí ẹ bá fún un.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa pa nǹkan inú yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹ ti ń gbọ́: gílóòbù LED, iná gbọọrọ, ṣájà fóònù, ṣájà kọ̀ǹpútà alágbèéká. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bọ́tìnì tó ń dín iná pẹpẹ kù ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè.

Wáyà ilẹ̀ wá ńkọ́? Pé sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri ní ihò mẹ́ta kò sọ pé ilẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ti tú sọ́kẹ́ẹ̀tì rí tí ihò òkè rẹ̀ kò so mọ́ ohunkóhun, tí onílé sì ń fi yangàn pé oníná gidi ló ṣiṣẹ́ ilé òun. Kí oníná fi mítà wọn iná láàárín wáyà tó gbé iná àti ilẹ̀. Ó yẹ kó súnmọ́ iye tó wà láàárín wáyà iná àti neutral. Bí mítà bá ń ṣe ségesège, tó ń fi 70 hàn tàbí 110, kò sí ilẹ̀ níbẹ̀. Kí wọ́n ri irin ilẹ̀ mọ́lẹ̀ fún yín. Bí ètè akọrin bá ń ta gìrì nígbà tó bá kan máìkì tí ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí okùn gìtá, ẹ dá orin dúró. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ariwo mọ́.

Àwọn kan máa ń gé ẹsẹ̀ ilẹ̀ kúrò lára púlọ́ọ̀gì kí ariwo lè dákẹ́. Ariwo lè dákẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí iná bá já lu irin ańpù, ara onígìtá ni yóò gbà lọ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ańpù méjì tàbí ańpù àti míkísà ló ń bá ara wọn jà nítorí pé ilẹ̀ wọn pàdé lọ́nà méjì, àpótí DI tó ní tiransifọ́mà nínú ni kí ẹ fi sáàárín wọn. Ańpù àtijọ́ láti Amẹ́ríkà tó ní púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yí i sí wáyà oníkókó mẹ́ta, kó sì yọ kàpásítọ̀ tó wà láàárín iná àti irin ańpù kúrò.

Ẹ̀yin tí ẹbí yín fi ańpù 120 V ránṣẹ́ sí láti Houston tàbí Atlanta, step-down tí ẹ rà yóò sọ 230 di 120, ṣùgbọ́n 50 Hz kò ní di 60 nínú rẹ̀. Tiransifọ́mà tí wọ́n ṣe fún 60 Hz nìkan máa ń gbóná jù, ó sì máa ń kùn lórí 50. Ẹ wo ẹ̀yìn ańpù. Bí wọ́n bá kọ 50/60 Hz síbẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀. Kí ẹ sì dán step-down náà wò bóyá ilẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, torí ọ̀pọ̀ ló ní ihò ilẹ̀ tí kò ní wáyà lẹ́yìn.

Gìtá àti wáyà rẹ̀

Èyí kò le. Ẹ so gìtá mọ́ ańpù, kí ẹ yí ara yín po nínú yàrá. Bí ariwo bá ń yí padà bí ẹ ti ń yí, pikọ́ọ̀pù ni ó ń gbé e láti afẹ́fẹ́. Oníkọ́ìlì kan ṣoṣo (single-coil) ni pikọ́ọ̀pù yẹn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe. Humbucker, oníkọ́ìlì méjì, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é. Bí ariwo bá dínkù nígbà tí ẹ fọwọ́ kan okùn, kò burú. Bó bá ń pọ̀ sí i ni ẹ fura sí wáyà inú gìtá. Ẹ pààrọ̀ kébù. Ẹ yọ gbogbo pẹ́dàlì, kí ẹ dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Adápítà kan tó ń fún pẹ́dàlì mẹ́fà níná, òun ni mo máa kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn.

Kí ẹ tó ṣí i

Inú ańpù olófáàfù ní iná 400 V sí 500 V, ó sì lè wà nínú kàpásítọ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ọ rí. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ fi standby sí ipò orin, nítorí pé bí ẹ bá pa standby, àwọn kàpásítọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò rí ọ̀nà tú iná wọn dànù. Ẹ dúró díẹ̀. Ẹ mú rẹ̀sísítọ̀ tó tó 1,000 sí 10,000 ohm, tó lè gba wáàtì 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹ ti jó wáyà onírọ́bà mọ́ ẹnu méjèèjì. Ẹnu kan sí irin ańpù, ẹnu kejì sí ojú kàpásítọ̀, fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, lórí kàpásítọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́, èkejì wà nínú àpò ṣòkòtò. Ẹ wá fi mítà wò ó: bí kò bá tíì wálẹ̀ sábẹ́ fóòtì mélòó kan, ẹ tún un ṣe. Ẹ má fi sukuruduráífà já wọn mọ́ ara wọn bí àwọn kan ti ń ṣe. Ó máa ń jó ojú kàpásítọ̀.

Ẹ má sì tan ańpù olófáàfù láé tí sípíkà kò bá so mọ́ ọn. Tiransifọ́mà ìparí lè jóná, tiransifọ́mà yẹn sì wọ́n ju fáàfù lọ.

Ẹni tí kò bá tíì fọwọ́ kan irú rẹ̀ rí, kó ṣe gbogbo ohun tí mo sọ kí n tó kan apá ṣíṣí yìí, àti ohun tó kàn, tí kò béèrè ṣíṣí, kó gbé ìyókù fún oníṣẹ́.

Yíyọ fáàfù kéékèèké lọ́kọ̀ọ̀kan

Ẹ pa ańpù, kó tutù, ẹ yọ fáàfù kékeré tó jìnnà jù sí fáàfù ńlá, èyí tí gìtá ń kọ́kọ́ bá pàdé. Ẹ tan án padà. Bí ariwo bá ti lọ, fáàfù yẹn tàbí ohun tó so mọ́ ọn ni. Ẹ fi fáàfù míì tí ẹ mọ̀ pé ó dára síbẹ̀ kí ẹ mọ èwo ni. Bí ariwo kò bá lọ, ẹ lọ sí èkejì, ẹ máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ sọ́dọ̀ fáàfù ńlá. Èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn kékeré ló ń pín ohùn sí méjì fún àwọn ńlá. Bí ẹ bá yọ òun náà tí ariwo ṣì wà, ó kù sí fáàfù ńlá tàbí iná tó ń bọ́ wọn. Lọ́nà yìí, láìṣí ìdè kan, ẹ ti mọ ilé tí olè sá wọ̀. Àwọn ańpù kan wà tí wọ́n so iná ìgbóná àwọn fáàfù wọn tẹ̀léra, tí ẹ bá yọ ọ̀kan gbogbo wọn á kú. Ẹ má jáyà.

Ẹ lè fi ẹ̀yìn pẹ́ńsù gbá fáàfù pẹ́pẹ́ nígbà tí ó bá wà níná. Èyí tó bá ń dáhùn bíi agogo nínú sípíkà ti di máìkì, ẹ yí i padà. Bí ańpù bá ní reverb tí wọ́n fi sípíríǹgì ṣe, ẹ yí bọ́tìnì rẹ̀ sí òdo kí ẹ gbọ́. Bí ariwo bá lọ, wáyà méjì tó lọ sínú àpótí sípíríǹgì ni, tàbí wọ́n ti dojú àpótí náà kọ tiransifọ́mà iná. Ẹ yí i po.

Ní ọjọ́ kan, onígìtá jùjú kan gbé ańpù Amẹ́ríkà ńlá kan wá, olófáàfù ńlá mẹ́rin, tó ti gbó ju èmi fúnra mi lọ. Ẹnìkan ti pààrọ̀ fáàfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò lọ. Wọ́n ti pààrọ̀ gbogbo kàpásítọ̀ ńlá pẹ̀lú. Kò lọ. Mo ta G lórí béèsì, ó bára mu: 50 Hz, kì í ṣe 100. A jẹ́ pé owó tí wọ́n ná sórí kàpásítọ̀ ńlá, ibi tí kò yẹ ni wọ́n ná an sí. Mo yọ fáàfù tó ń pín ohùn, ó ṣì ń kùn. Ẹ̀yìn ibẹ̀ wá ni, 50 sì ni. Kí ló kù? Iná báyáàsì. Fáàfù ńlá nílò iná kékeré kan tó jẹ́ ti òdì, bíi -40 sí -50 V, láti mú un mọ́lẹ̀ kó má sáré jù. Nínú ọ̀pọ̀ ańpù, dáyóòdù kan ṣoṣo ló ń ṣe iná yìí, nítorí náà apá kan iná nìkan ló ń gbà, jíjó rẹ̀ sì dúró ní 50. Kàpásítọ̀ tó ń tẹ́ ẹ kò ju ìka ọwọ́ lọ, ó fara pamọ́ sí igun, kì í ṣe ara àwọn ńlá tí gbogbo èèyàn ń rí. Mo fà á yọ, ẹnu rẹ̀ ti ṣẹ́ omi jáde. Mo fi 100 µF, 100 V síbẹ̀. Ẹnu òdì rẹ̀ ló kọjú sí iná báyáàsì, ẹnu rere sí irin, òdì-kejì sí bí àwọn yòókù ṣe wà, ẹ ṣọ́ra. Ariwo dákẹ́. Àánú fáàfù tuntun mẹ́rin yẹn ṣe mí, nítorí pé bí kàpásítọ̀ yẹn bá kú pátápátá, kò sí ohun tó ń mú fáàfù mọ́lẹ̀ mọ́, wọ́n á pọ́n yòò, wọ́n á sì kú.

Kàpásítọ̀ ńlá náà kì í pẹ́ láéláé. Èyí tó bá ti lé ní ogún ọdún, kódà bí kò bá tíì kùn, mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀. Ooru wa kì í jẹ́ kó pẹ́.

Fáàfù ńlá: ìgbà wo, èwo

Ẹ wo inú dígí nínú òkùnkùn. Wáyà àárín tó ń tàn bí ẹyin iná kò burú. Àwọ̀ aró tó lẹ̀ mọ́ ara dígí kò burú. Bí àwo dúdú tó wà ní àárín bá ń pọ́n, ẹ pa ańpù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí apá tó ń dán lórí dígí bá ti di funfun báláú, afẹ́fẹ́ ti wọlé, ó ti kú.

Fáàfù ńlá tún lè fa ariwo lọ́nà kan tí àwọn èèyàn kì í fọkàn sí. Méjì ni wọ́n, tàbí mẹ́rin, apá kan ń fà, apá kejì ń tì, ariwo iná sì ń pa ara rẹ̀ nínú tiransifọ́mà bí apá méjèèjì bá ń gba iná dọ́gba. Bí ọ̀kan bá ń gba 45 mA (mílíámpù, ìwọ̀n iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá) tí èkejì ń gba 25, 100 Hz á jáde síta. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tà wọ́n ní méjì-méjì tí wọ́n ti wọ̀n pọ̀. Bí ìyàtọ̀ wọn kò bá ju 5 mA lọ, mo máa ń gbà á.

Ní ti èwo ni kí ẹ yàn, ìdáhùn mi kì í dùn mọ́ àwọn èèyàn: èyí tí wọ́n kọ sára ańpù ni. 6V6GT, 6L6GC àti EL34 gbogbo wọn wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan náà, àìmọye sì ni ẹni tí ìyẹn ti ṣì lọ́nà. Ẹ wo iná tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ láti gbóná nìkan, ní 6.3 V: 6V6 ń jẹ 0.45 A, 6L6GC 0.9 A, EL34 1.5 A. Ẹni tó bá yọ 6L6 méjì tó fi EL34 méjì síbẹ̀ ti fi 1.2 A kún ẹrù tiransifọ́mà iná. Ẹsẹ̀ kìíní EL34 sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe, ó gbọ́dọ̀ so mọ́ ẹsẹ̀ kẹjọ, bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ańpù 6L6 wọ́n fi ẹsẹ̀ kìíní sílẹ̀ tàbí kí wọ́n fi gbé wáyà míì. Báyáàsì wọn náà kò dọ́gba. EL84 kéré, ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án ló ní, kò lè wọ ibẹ̀ rárá.

Bí ẹ bá ń ra ańpù ni ẹ wá ní ìgboyà láti yàn. Fender Deluxe Reverb ń lo 6V6 méjì, ó tó wáàtì 22, ohùn rẹ̀ máa ń tètè fọ́ dáadáa bí ẹ bá ṣí i. Twin Reverb ń lo 6L6 mẹ́rin, wáàtì 85, ó mọ́ kedere títí fólúùmù fi ga. Marshall tí wọ́n fi EL34 ṣe, méjì fún 50, mẹ́rin fún 100, àárín ohùn rẹ̀ le, ó ń kígbe. Vox AC30 ní EL84 mẹ́rin, òkè rẹ̀ ń dún wọ́ngan. Fún gìtá jùjú àti ti ìyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ìka gbọ́dọ̀ hàn lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín gángan àti dùùrù, 6L6 ni mo máa ń dábàá. Ẹni tó ń fi ilé kékeré kọ́ṣẹ́, 6V6 tó o. Ẹ má sì ra wáàtì fún ariwo: láti 50 sí 100, dẹ̀síbẹ̀lì 3 péré ni ẹ fi kún un.

Ẹni tó bá rò pé 100 pọ̀ jù lè yọ fáàfù méjì nínú mẹ́rin, méjì àárín tàbí méjì ẹ̀gbẹ́, kí apá kọ̀ọ̀kan lè ku ẹyọ kan. Ẹ wá yí bọ́tìnì ohm sí ìdajì: sípíkà 8 ohm, ẹ fi sí 4.

Orúkọ ara páálí kò jẹ́ kí n sáré. Mullard ti Blackburn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Mullard tuntun kì í ṣe ọmọ ìyá. Ilé iṣẹ́ kan náà ní Saratov, Rọ́ṣíà, ló ń ṣe Mullard tuntun, Tung-Sol tuntun, Sovtek àti Electro-Harmonix. JJ ń ti Slovakia wá. Ṣáínà náà ń ṣe tirẹ̀. Gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́. Fún ańpù tó ń rìn káàkiri òde àríyá, JJ ni mo máa ń fi sí i, nítorí ó máa ń fara da ìwàǹwárà. Fáàfù àtijọ́ tí wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò lò rí, ẹ má ra á àfi bí ẹni tó ń tà á bá fi mítà hàn yín.

Báyáàsì, pẹ̀lú NEPA tiwa

Bí ańpù bá jẹ́ irú AC30 tó ń mú ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ti fáàfù bọ̀ ọ́, ó parí. Àwọn yòókù ní báyáàsì tí a ń tún ṣe. Ẹ ra sọ́kẹ́ẹ̀tì ìdánwò tí a ń fi sáàárín fáàfù àti ańpù, kí ọwọ́ yín má baà wọ inú. Yóò sọ fóòtì àwo (fóòtì iná tó wà lórí àwo dúdú inú fáàfù) àti mA fún yín.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí. 6L6GC lè gba wáàtì 30. Àwọn ìwé ní kí a lo 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 21. Bí fóòtì àwo bá jẹ́ 440, 21 pín sí 440 jẹ́ 0.0477, bí 48 mA fún fáàfù kan. EL34 lè gba 25: 17.5 pín sí 450 jẹ́ bí 39 mA. Ibi tí ìwé dúró sí nìyẹn.

Ìwé yẹn kò mọ iná wa. Bí ẹ bá tún báyáàsì ṣe ní ọ̀sán tí iná jẹ́ 210, fóòtì àwo lè jẹ́ 420. Ní òru, tí àdúgbò ti sùn, iná á di 240, àwo á di 480, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan bọ́tìnì. Iná ìgbóná náà á gòkè: ańpù tó ń fún fáàfù ní 6.3 V lórí 230, á fún un ní 6.85 lórí 250, á sì kọjá 7 lórí 260, èyí tó ti ju ohun tí wọ́n gbà láàyè lọ. Nítorí náà, mo máa ń wọn iná ògiri kí n tó wọn báyáàsì, mo sì máa ń kọ méjèèjì sílẹ̀ pọ̀. 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni èmi ń lò: 18 pín sí 440, bí 41 mA. Kò sí onígìtá tó ti bá mi jà pé ohùn rẹ̀ tutù. Ẹni tó ní sitebiláísà gidi lè lọ sí 70.

Ẹ fi báyáàsì sí ibi tó tutù jù kí ẹ tó fi fáàfù tuntun sí i. Ẹ fojú wá ẹ̀kán tó wà ní ìdí rẹ̀, kó bá ihò rẹ̀ mu, kí ẹ tó tì í wọlé, ẹ má fipá. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wọlé láì le, ìdè sọ́kẹ́ẹ̀tì ti ṣí. Ẹ pa ańpù, ẹ tú iná rẹ̀, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ fún ìdè náà díẹ̀díẹ̀. Bí fáàfù àtijọ́ bá já kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ wọn rẹ̀sísítọ̀ tó ń bọ́ screen, apá kan nínú fáàfù, pẹ̀lú, 470 ohm nínú ọ̀pọ̀ Fender, 1,000 nínú Marshall. Ó sábà máa ń bá fáàfù kú. Ẹ tan án, ẹ dúró tì í pẹ̀lú mítà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ gbé báyáàsì sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹ padà wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí ẹ ti ń ta á, torí fáàfù tuntun máa ń yí díẹ̀.

Fáàfù tí ẹ yọ, bí kò bá tíì pọ́n rí, ẹ má jù ú nù. Ẹ lẹ bébà mọ́ ọn, ẹ kọ mA rẹ̀, fóòtì àwo àti iná ògiri ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ kó o sínú àpò ańpù pẹ̀lú fíúsì méjì tí iye wọn bá ti ẹ̀yìn ańpù mu, irú èyí tí kì í tètè já. Ẹ óò nílò rẹ̀ ní òru Sátidé kan tí tuntun bá kú sórí ìtàgé.